Àgọ́ Ọlọ́jọ́ Méje, Láti Ìjàgbó dé Ògiri Ẹkún

Bí iṣu bá ti gbó, bàbá mi kì í sùn nílé mọ́. Ilé búlọ́ọ̀kù tó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ sí Ìjàgbó, tó kan páànù sí lórí, tó kùn lọ́dà funfun, yóò fi í sílẹ̀ fún ìyá wa àti àwa ọmọ. Òun yóò kọrí sí oko tó ní lọ́nà odò Ọ̀yun, inú ahéré ni yóò sì máa sùn títí iṣu yóò fi wọ abà tán. Ahéré náà kò ṣeé fi yangàn. Ọ̀pó igi mẹ́rin ni, ìtàkùn ló so wọ́n pọ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lórí. Bí o bá nà gbalaja sínú rẹ̀ lóru, o ó máa rí ìràwọ̀ láàrin imọ̀.

Mo kórìíra ibẹ̀. Nígbà ọlidé, tí wọ́n bá ní kí n bá a lọ, ẹ̀fọn ni mo ń rò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ọ̀ffà tí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé òṣì ló ń mú ẹni tó ní ilé onípáànù lọ sùn sábẹ́ imọ̀. N kò bi í léèrè rí. Ó ti kú kí n tó mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi í, Jerúsálẹ́mù ni mo sì ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kẹwàá ni mo lọ, ṣáájú ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2023. Àwa mélòó kan láti ìjọ ni. Gbogbo ohun tí èrò Jerúsálẹ́mù ń dì la dì: ìgò tí a ó fi bu omi Jọ́dánì, owó òróró, àti orúkọ àwọn tó ní ká bá àwọn fọwọ́ kan ilẹ̀ mímọ́. Òkúta àti ibojì ni mo ń retí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí fèrèsé ilé ìtura, mo wo ìsàlẹ̀, ahéré bàbá mi ni mo rí. Ọ̀kan kọ́. Wọ́n wà ní faranda ilé alájà márùn-ún, wọ́n wà lórí òrùlé, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, ọ̀kan tilẹ̀ dúró síbi tó yẹ kí wọ́n páàkì mọ́tò sí. Pákó ni wọ́n fi ṣe ògiri àwọn kan, aṣọ tí wọ́n nà mọ́ irin ni ti àwọn mìíràn, àmọ́ ewéko ló bo orí gbogbo wọn, imọ̀ ọ̀pẹ ló sì pọ̀ jù.

Àjọ Àgọ́ ni. Sukkot ni àwọn Júù ń pè é. Bíbélì Yorùbá tí a ń kà láti kékeré kò fi í pamọ́ fún wa, ó wà nínú ìwé Léfítíkù orí 23. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje wọn ló ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá tiwa. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi gbé inú àgọ́, nítorí pé inú àgọ́ ni àwọn baba wọn gbé nígbà tí wọ́n jáde ní Íjíbítì. Ìdí kan nìyẹn. Ìdí kejì wà níbẹ̀ tí àwọn oníwàásù wa kì í sábà dúró lé: ìgbà tí wọ́n bá kó èso ilẹ̀ jọ tán ni wọ́n ń ṣe é. Àjọ àgbẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ pé àgọ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pa sóko nígbà ìkórè ni àjọ náà ti mú àgọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìjàgbó wo ló nílò onímọ̀ kó tó gba ìyẹn gbọ́?

Ọkùnrin tó ni ilé oúnjẹ ìsàlẹ̀ ilé ìtura wa rí i pé mo ń wò, ó ní kí n wọlé jókòó. Ó fi gẹ̀ẹ́sì tó ń tá bíi tèmi ṣàlàyé òfin àgọ́ fún mi. Ohun tó hù nínú ilẹ̀, tí wọ́n sì ti gé kúrò nílẹ̀, ni kí wọ́n fi bo orí rẹ̀. Páànù kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Òjìji inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju oòrùn lọ, síbẹ̀ ó dára kí èèyàn máa rí ìràwọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, àwọn tó bá lè ṣe é sì ń sùn níbẹ̀. Nítorí pé oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, òṣùpá máa ń kún rẹ́rẹ́ ní alẹ́ àkọ́kọ́, yóò sì máa tàn gba àárín imọ̀ wọlé sórí oúnjẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ilé gidi sílẹ̀ nítorí èyí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ṣé ilé ni ìwọ rò pé ó ń ṣọ́ wa ni?

Ó tún sọ pé ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹnu pe àgbà kan wá jẹun nínú àgọ́: Ábúráhámù, Ísáákì, Jákọ́bù, Mósè, Áárónì, Jósẹ́fù, Dáfídì. Méje fún alẹ́ méje. Pásítọ̀ mi kò ní fẹ́ kí n sọ èyí, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ka orúkọ wọn, àsìkò egúngún ló wá sí mi lọ́kàn, tí àwọn ìyá ilé máa ń ṣí ìkòkò sílẹ̀ de àwọn ará ọ̀run.

Òjò ni ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa. Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ ní Jerúsálẹ́mù rárá. Ìgbà tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú ni Àjọ Àgọ́ ń dé, ọjọ́ kẹjọ tó tẹ̀lé e ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run fún òjò nínú àdúrà wọn. Àwa tí a ti ń gbọ́ ‘òjò àkọ́rọ̀ àti òjò àrọ̀kúrò’ láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, oṣù Kẹta ni a ń rí lójú ọkàn bí wọ́n bá ní àkọ́rọ̀, nígbà tí a ń kọ ebè. Àrọ̀kúrò sì ni èyí tó ń rọ̀ kẹ́yìn, lẹ́yìn iṣu tuntun, kí ọyẹ́ tó dé. Òdì kejì rẹ̀ ni tiwọn. Àkọ́rọ̀ wọn ń bọ́ sí oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, àrọ̀kúrò wọn sì ń bọ́ sí oṣù Kẹta àti Kẹrin. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu régí. Kàlẹ́ńdà ni kò bá a mu. Ogójì ọdún ni mo fi ń ka ẹsẹ Bíbélì náà kí n tó mọ̀.

Ọjọ́ kẹta la lọ sí Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Ògiri Ẹkún. Kì í ṣe ògiri Tẹ́ḿpìlì fúnra rẹ̀. Ògiri tí Ọba Hẹ́rọ́dù mọ yí òkè tí Tẹ́ḿpìlì wà lórí rẹ̀ ká, kí ilẹ̀ má bàa ya, ni. Àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì lulẹ̀ ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Kristi, ògiri yìí sì ṣẹ́kù. Ibi tó hàn síta lónìí ga tó mítà 19. Ọkùnrin ní apá tirẹ̀, obìnrin ní apá tirẹ̀, ọkùnrin kò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láì dé fìlà. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, bí mo bá ti fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi máa ń já fìlà lórí mi. Ó kú díẹ̀ kí n ṣí i níbẹ̀ nítorí àṣà, ọlọ́pàá kan sì juwọ́ sí mi pé kí n dé e padà.

Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn àlùfáà ìdílé Áárónì ń súre fún gbogbo èèyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló dúró sí gbàgede. Àwọn àlùfáà náà fi ìborùn funfun bo orí, wọ́n na ọwọ́ sókè lábẹ́ rẹ̀, ohùn wọn sì ń hó bọ̀ láti ibi ògiri bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ lórí páànù láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró lójú kan ni ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn èrò yòókù. Màrìwò ni. Ọ̀mùnú ọ̀pẹ tí ń so dàbínù ni, tí ewé rẹ̀ kò tíì ṣí, tó nà gọngọ bí ọ̀pá. Wọ́n so ẹ̀ka igi méjì mìíràn tó kéré mọ́ ọn, wọ́n fi ọwọ́ kejì mú èso kan tó dà bí ọsàn wẹ́wẹ́ tó tóbi. Wọ́n ń mì ín síwájú, wọ́n ń mì ín sọ́tùn-ún, sẹ́yìn, sósì, sókè, sílẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tí màrìwò ń sọ. Bí wọ́n bá ta á sẹ́nu ọ̀nà igbó kan, ó ń sọ fún ọ pé ibí yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń já wọ̀. Nínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ mi, nǹkan òrìṣà ni a ń kà á sí. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ nìkan ni imọ̀ ń rí ọ̀nà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ti ṣí sì ni. Mo wá dúró níwájú òkúta tí gbogbo àgbáyé ń pè ní mímọ́, àwọn ọmọ Ábúráhámù ń mi màrìwò sí Ọlọ́run mi, kò sì sí ẹni tí ojú ń tì níbẹ̀.

Nígbà tí èrò fọ́n díẹ̀, mo sún mọ́ ògiri. Òkúta náà tutù, ó ń dán níbi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti ń kàn án láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Àdúrà wà lẹ́nu mi nílẹ̀, mo ti há a sórí, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọ mi, ó dé orí ìjọba Nàìjíríà. Kò jáde. Ẹnì kan ló gbé màrìwò rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òórùn imọ̀ tútù sì gba imú mi. Ó di alẹ́, ó di oko lọ́nà odò Ọ̀yun, bàbá mi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ilẹ̀ iṣu sì wà lára aṣọ rẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni mo rí ara mi tí mo ń kì sí òkúta náà, jẹ́jẹ́, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń kí i láàárọ̀. N kò rò pé àwọn Júù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí i bí ohun tó ṣàjèjì. Olúkúlùkù ló ń sọ èdè tirẹ̀ sí ògiri náà.

Ìwé pélébé tí wọ́n ní ká kọ orúkọ sí, ká kì bọ àárín òkúta, mo gbàgbé rẹ̀ sínú àpò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n máa ń kó àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ògiri, wọn kì í sun wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń sin wọ́n sórí Òkè Ólífì bí òkú èèyàn. Tèmi bá mi dé Ìlọrin.

A kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ládàánì fi pe ìrun. Orí òkè tí ògiri náà gbé ró ni Mọ́sáláṣí Al-Aqsa wà, ohùn ládàánì sì ń sọ̀kalẹ̀ wá sórí àwọn tó ń ka Sáàmù nísàlẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wà nínú èrò wo ara wọn lójú. Èmi ní tèmi, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní Ìjàgbó nìyẹn: ìpè ìrun, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àkùkọ. Ṣùgbọ́n Ìjàgbó yìí kan náà ni ìwé ìròyìn dárúkọ ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí ọ̀rọ̀ híjáàbù ní Oyun Baptist High School di ìjà, tí ẹ̀mí sì sọnù. Mo rí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn sí gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wọ gbàgede ògiri náà, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ ìlú wa kankan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí ọmọ Yorùbá máa bá Júù ṣe àjọ̀dún Júù? Mo ti rí àwọn ìjọ kan nílé tí wọ́n ń fọn ìwo àgbò lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń fa ìborùn àdúrà Júù lé èjìká lórí agbádá. Ojú mi kò gbà á. Aṣọ aláṣọ ni. Àwọn Ìgbò kan wà ní Àbújá àti nílẹ̀ wọn tí wọ́n mú ẹ̀sìn Júù ní tòótọ́, tí wọ́n ní sínágọ́gù, tí wọ́n sì ń pa àgọ́ lọ́dọọdún. Ìyẹn yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Ísírẹ́lì kò tíì kà wọ́n mọ́ Júù. Àmọ́ èyí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àjọ Júù tí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún àlejò. Ẹ ka Númérì orí 29, kí ẹ sì ṣírò akọ màlúù tí wọ́n ń fi rúbọ: 13 lọ́jọ́ kìíní, 12 lọ́jọ́ kejì, ó ń dín lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di 7 lọ́jọ́ keje. Àádọ́rin ni àpapọ̀ rẹ̀. Àwọn rábì àtijọ́ sọ pé nítorí àádọ́rin orílẹ̀-èdè ayé ni. Wòlíì Sakaráyà náà, ní orí 14, rí i pé gbogbo orílẹ̀-èdè yóò máa gòkè wá ṣe Àjọ Àgọ́. Èyí ni àwọn Kristẹni kan dì mú tí wọ́n fi dá International Christian Embassy Jerusalem sílẹ̀ lásìkò Àjọ Àgọ́ ọdún 1980, tí èrò sì ń ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá bá wọn ṣe é. Nínú màlúù àádọ́rin wọ̀nyẹn, mo gbà pé ìrù kan kàn wá.

Ohun tí n kò lè gbà ni JP, Jerusalem Pilgrim, oyè tí àwọn tó lọ Jerúsálẹ́mù ń fi kún orúkọ wọn. Òfin 2007 ló dá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnàjò àwọn Kristẹni sílẹ̀, owó ìjọba wà nínú ọ̀rọ̀ náà, oyè sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́wàá wo òkúta, yóò padà dé, yóò kọ JP sára mọ́tò, yóò sì máa bínú bí ẹ kò bá fi kún orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí onílé má bàa gbéra ga nítorí ilé rẹ̀ ni wọ́n sọ di ohun ìgbéraga. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n fi ń kádìí àjọ yìí gan-an, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù sì dá lílọ sí Ísírẹ́lì dúró, àwọn kan sunkún oyè tí kò tíì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ibi mímọ́ kò jìnnà sí wa. Nígbà tí Tẹ́ḿpìlì ṣì wà, ní àràárọ̀ Àjọ Àgọ́ ni wọ́n ń lọ pọn omi ní adágún Sílóámù, tí wọ́n ń dà á sórí pẹpẹ pẹ̀lú fèrè àti ijó. Ọjọ́ ìkẹyìn àjọ náà ni Jésù dìde nínú Jòhánù orí 7, tó ní kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ wá mu. Mo ka ìyẹn ní Sílóámù, mo sì rántí àwọn ìyá tó máa ń gbé ike omi sórí lọ sí orí òkè àdúrà. Ọmọ Kwara ni wòlíì aládùúrà náà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, Odò-Ọwá ni wọ́n ti bí i ní 1904. Katakata tó ń tẹ ọ̀nà ló ń wà nítòsí Ìkéjì nígbà tó gbọ́ ìpè ní 1928, ní oṣù Keje 1930 sì ni èrò ya bo Òkè-Ooyè ní Iléṣà, tí wọ́n ń gbé omi wá kó súre sí i. Ní Ògèrè, Ìjọ Olúwa Aládùúrà ń gun òkè Tábórà tiwọn ní gbogbo ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ láti 1937. Kò sí físà níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Alhaji ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, wọ́n ti lọ Mẹ́kà ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wò mí títí.

“Ìwọ náà ti lọ fọwọ́ kan òkúta tìrẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣé ó bá ọ sọ̀rọ̀?”

“Rárá, sà. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Oríkì bàbá mi ni mo kì.”

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá sọ fún mi pé àbúrò àwọn kì í torí olè sùn sóko. Wọ́n ní àwọn ti bi í nígbà kan pé kí ló ń wá nínú ahéré nígbà tó nílé, ó sì dá wọn lóhùn pé bí òun bá kó iṣu tuntun wọlé onípáànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ńṣe ni yóò máa ṣe òun bíi pé òun lòun dá a. Mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó tẹ̀lé e, mo pa àtíbàbà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjàgbó, imọ̀ ọ̀pẹ lórí, láìsí tapólì. Àwọn aládùúgbò ń yọjú, wọ́n ń bi wá pé ta ló bímọ. Alhaji gbé àga wọn wá. Iṣu sísun àti epo la jẹ lálẹ́ àkọ́kọ́, òṣùpá sì wà lókè.

Alẹ́ kejì ni òjò àrọ̀kúrò dé. Òfin àtijọ́ àwọn Júù ní kí èèyàn kúrò nínú àgọ́ bí òjò bá ti lè ba ọbẹ̀ jẹ́, ó sì fi òjò bẹ́ẹ̀ wé ọ̀gá tó da omi sójú ìránṣẹ́ tó wá bu omi fún un. Alhaji ní òjò rere ni, yóò mú kúkúndùkú ta dáadáa. Ọbẹ̀ ilá ni ìyàwó mi sè. Omi ti kún un kí a tó gbé e wọlé.